Obì Kì í Pa Ọtí

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a bí ire tí kò mọ iyì obì. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, obì ni. Bí a bá ń tọrọ ìyàwó, obì ni. Bí àlejò bá sì wọlé tọ onílé tí ó mọ àṣà, obì ni onílé yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Àwọn àgbà a mú un lọ́wọ́, wọn a wúre pé kí obì bi ikú, kí ó bi àrùn, kí ó bi òfò dànù. Níhìn-ín ní Zaria tí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ wà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn Hausa tí wọ́n gbà wá lálejò. Bí kò bá sí goro, ojú ni wọn yóò fi wo ìgbéyàwó pé kò tí ì pé. Nítorí náà, kì í ṣe láti ba obì lórúkọ jẹ́ ni mo ṣe mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ kan ni àwọn awakọ̀ ń sọ nípa rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti pa ènìyàn, yóò sì tún pa sí i bí a kò bá tètè wí. Wọ́n ní obì ń pa ọtí.

Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí awakọ̀ bá ti mu ògógóró, tàbí paraga, tàbí bíà, tí ó sì ju awẹ́ obì gbànja kan tàbí méjì sẹ́nu, ojú rẹ̀ yóò dá, ọtí inú rẹ̀ yóò kú, yóò sì lè wa ọkọ̀ bí ẹni tí kò fẹnu kan nǹkan kan. Àwọn mìíràn a fi kọfí dípò obì. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní a fi ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń pè ní énájì. Orúkọ yàtọ̀, ìgbàgbọ́ kan náà ni.

Inú ìgbàgbọ́ yìí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù fún nǹkan bí ogún ọdún, obì sì ni ẹrù tí ó ń kó jù lọ: apẹ̀rẹ̀ obì tí a fi ewé dì, láti Ṣágámù àti àgbègbè Rẹ́mọ wá sí Sabon Gari níhìn-ín, àti sí Kánò. Nígbà náà, bí wọ́n bá ti kúrò ní Ìlọrin, wọn a gba Jẹ́bà, Mọ́kwá, Tegina àti Birnin Gwari kí wọ́n tó yọ sí Kàdúná. Òwò àtijọ́ ni òwò náà. Kí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbànja lọ́pọ̀ yanturu, ilẹ̀ Àṣáńtì ni àwọn Hausa ti ń rà á. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Kánò ní 1912, tí ó sì gba Zaria kọjá, obì Agége àti ti Rẹ́mọ rí ọ̀nà gbà dé Òkè Ọya. Nígbà tí agbára ọkọ̀ ojú irin ń rẹlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Obì kì í ṣe ẹrù tí a lè fi falẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lọ́nà, a gbẹ, kòkòrò a sì wọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni awakọ̀ obì fi ń sọ òru di ọ̀sán, tí ó sì jẹ́ pé ẹrù tí ó ń kó náà ni oògùn oorun rẹ̀. Bí ó bá wá dúró jẹun lẹ́bàá ọ̀nà, ara ń ro ó, òtútù ń mú un, àwọn tí ń ta ògógóró kò sì jìnnà. Báyìí ni obì àti ọtí ṣe pàdé ní ẹnu awakọ̀. Ìṣẹ́ àti ìkánjú ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe fàájì.

Bàbá mi kì í mu ọtí bí ó bá ń lọ sí ìrìn àjò. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní awakọ̀ kan wà tí àwọn jọ ń rìn, ọ̀rẹ́ òun tòótọ́, tí ó máa ń sọ pé ọtí kò lè pa òun níwọ̀n ìgbà tí obì bá wà ní àpò òun. Ní òru ọjọ́ kan, ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ tírélà kan tí ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde. Ó ní obì ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Kwangila ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tí ì di ìtàn. Àwọn tí ń kiri goro ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú àtẹ wọn. Àwọn oníṣáyì ń da tíì àti kọfí láti inú ife kan sí òmíràn. Àwọn ọmọdékùnrin ń fi agolo énájì han àwọn awakọ̀ láti ojú fèrèsé. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ọtí mọ ọ̀nà Sabon Gari. Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀ ìhín ni kò fẹnu kan ọtí rí, nítorí pé ẹ̀sìn wọn kò gbà á. Goro tí wọ́n ń jẹ kò bá ọtí pàdé, n kò sì bá wọn wí. Ìpàdé àwọn méjèèjì ni mo ń sọ. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ má sì rò pé ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan ni. Ní àwọn òde àríyá wa lónìí, inú ife kan náà ni a ti ń po énájì mọ́ ọtí líle, lẹ́yìn èyí ni ẹlòmíràn yóò gun alùpùpù, tí yóò gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọn yóò sì kọrí sí Samaru lóru.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọtí ń ṣe nínú ara. Bí a bá ti gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbé e dé ọpọlọ. Ó máa ń tètè ba agbára tí a fi ń ro nǹkan wò kí a tó ṣe é jẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í gbọ́ ara wọn yé dáadáa mọ́. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mímú ọtí kúrò lára, kì í sì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan tí ó gba 60 sẹ̀ǹtílítà, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní nǹkan bí gíráàmù 24 ọtí pọ́ńbélé nínú. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń mú bí gíráàmù 7 sí 10 kúrò láàárín wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìgò kan yóò gbà tó wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá mu ìgò mẹ́ta ní alẹ́, ilẹ̀ lè mọ́ kí ó tó tán lára rẹ̀. Obì kò lè sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó ṣe wéré. Omi tútù kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ọbẹ̀ ata kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn àgbà sọ pé bí ó ti wù kí a ṣe ebòlò tó, kò ní ṣàìrùn ìgbẹ́.

Kí wá ni iṣẹ́ obì? Kaféènì ni agbára inú rẹ̀, ohun kan náà tí ó wà nínú kọfí, nínú tíì àti nínú énájì. Láti ìgbà tí a bá ti jí lówùúrọ̀ ni ohun kan ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní adenosine. Òun ni ìránṣẹ́ tí ó ń sọ fún ara pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kí ó lọ sùn. Ó ní ìjókòó tirẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ jókòó sí kí ó tó lè jíṣẹ́. Kaféènì jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba ìjókòó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ náà kò kú, kò sì padà sí ibi tí ó ti wá. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí. Àárẹ̀ awakọ̀ kò dín kù, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìkéde rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì kaféènì náà yóò ti kúrò lára, gbogbo àárẹ̀ tí ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò sì máa wọlé.

Nísinsin yìí, ẹ fi ọtí kún un. Ojú tí ń wúwo, ara tí ń rọ̀, oorun tí ń kunni: àwọn wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí tí ń sọ fún ọ̀mùtí pé ọtí ti wọ̀ ọ́ lára. Obì kì í pa ọtí. Àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni ó ń pa. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ti yó lè jókòó, ó lè fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti yó tí kò mọ̀ ni ó ń bọ́ sí ìdí ọkọ̀, tí ó sì ń kígbe pé kí èrò wọlé.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 2006, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú São Paulo ní Brazil tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún ọ̀dọ́mọkùnrin 26 ní ọtí nìkan ní ìgbà kan, wọ́n sì fún wọn ní ọtí pẹ̀lú énájì ní ìgbà mìíràn. Nígbà tí wọ́n po méjèèjì pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ náà sọ pé ara àwọn le sí i, pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ń gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán wọn wò, ọwọ́ àti ojú wọn kò sàn ju ti ìgbà tí wọ́n mu ọtí nìkan lọ, ìwọ̀n ọtí inú èémí wọn kò sì dín kù. Ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 tí ó tún bà mí lẹ́rù jù èyí lọ. Wọ́n rí i níbẹ̀ pé kaféènì lè dá ìyára padà díẹ̀ fún ẹni tí ó mu ọtí, ṣùgbọ́n kò dá agbára àtikó ara rẹ̀ níjàánu padà fún un. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá láti tẹ iná mọ́tò, kí ó má sì lè dáwọ́ dúró nígbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré pẹ́ kí ó tó tẹ búrẹ́ẹ̀kì ti fi mítà 28 sún mọ́ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ìpòpọ̀ yìí kì í ṣe ohun tuntun ní ayé. Ní 1885, John Pemberton, apòògùn kan ní Atlanta ní Amẹ́ríkà, ń ta ohun mímu kan tí ó fi wáìnì, ewé coca àti obì tiwa yìí ṣe. Nígbà tí òfin ìlú náà dé ọtí, ó yọ wáìnì kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó di Coca-Cola ní 1886. Ó ju ọgọ́fà ọdún lọ lẹ́yìn náà, ìpòpọ̀ náà tún yọjú ní ilẹ̀ kan náà nínú agolo aláràbarà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì di èrò ilé ìwòsàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ mẹ́rin pé kaféènì tí wọ́n ń fi sínú ọtí kò bá ààbò mu. Kí ẹnikẹ́ni má rò, nítorí náà, pé àìmọ̀kan àwọn awakọ̀ Òkè Ọya nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ wa, a kò ṣàì ní òfin. Ní 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni ó ṣáájú wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni alága àkọ́kọ́. Ìwọ̀n ọtí tí a kò gbọdọ̀ kọjá lójú ọ̀nà ní Nàìjíríà ni ìdajì gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tí ẹ̀ṣọ́ fi ń wọn èémí kò sì mọ obì. Bí awakọ̀ jẹ obì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, iye tí ẹ̀rọ náà yóò kà kò ní í yí padà. Ara rẹ̀ ni ó ń tàn, kò tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo ìdí ọkọ̀. Àwa èrò ni a wà níbẹ̀.

Mo rí èyí pẹ̀lú ojú mi ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo ń ti Ìlọrin padà bọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ wa dúró ní Jẹ́bà kí èrò lè jẹun. Awakọ̀ wa jẹun, ó mu paraga ife méjì, ó sì ra obì. Nígbà tí ìyá kan tí ó jókòó nítòsí mi bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó fi obì hàn án, ó ní, "Ẹ má fòyà, Màmá, oògùn rẹ̀ rèé." Bí a ti gbéra, ó di ẹlòmíràn. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ àti àpárá, ó ń ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lórí òkè tí kò ti rí iwájú. Kò sùn rárá. Ojú rẹ̀ là kedere. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí tírélà kan tí ó dá kú sójú ọ̀nà títí gbogbo wa fi pariwo.

Baba Hausa kan wà níwájú, Alhaji tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kò bú awakọ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé òun kò ṣe kánjúkánjú dé Zaria, ó ní òun yóò fẹ́ kírun, kí gbogbo wa sì sinmi ní Mọ́kwá. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tí wọ́n wà lẹ́yìn, gbogbo wọn sì fi ohùn sí i. Nígbà tí awakọ̀ rí i pé ohùn èrò ṣọ̀kan, ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó ní oorun kò kun òun, ṣùgbọ́n ó sùn ní orí ìjókòó rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mọ́kwá ni a sùn mọ́jú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọjọ́ náà, mo rí ohun tí òwe yìí ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó jogún iṣẹ́ bàbá wa. Ọkọ̀ èrò ni ó ń wà láàárín Ìlọrin àti Zaria. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo kà fún un, ó ní, "Àbúrò mi, ìwé ni o kà, ojú ọ̀nà ni èmi wà. Bí mo bá sùn, ta ni yóò bá mi kó owó fún ọlọ́kọ̀?" N kò bá a jiyàn lórí owó, nítorí pé òótọ́ ni. Mo kàn bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń wakọ̀ lọ, tí iná pupa tí ń sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ń tán bá tàn, tí ẹ wá fi aṣọ bo iná náà, ṣé ọ́ìlì yóò pọ̀ sí i?" Ó dákẹ́. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kò gbà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ gbéra ní Zaria, ó máa ń pè mí lórí fóònù, ó sì máa ń sọ iye wákàtí tí òun sùn fún mi láìjẹ́ pé mo bi í.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ ní kíláàsì láìpẹ́. A ó kọ́ wọn ní àṣà obì: bí a ti ń pa á, bí a ti ń fi í wúre, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àbàtà àti gbànja. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ yìí kún un, nítorí pé nínú àwọn ọmọ náà ni awakọ̀ ọ̀la wà, àti ọmọ awakọ̀ òní tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Kí a sọ fún wọn pé obì lè lé oorun fún ìgbà díẹ̀, kò lè lé ọtí. Pé àkókò àti oorun nìkan ni oògùn ọtí àti àárẹ̀. Kí a sì kọ́ wọn pé èrò ọkọ̀ ní ẹnu, pé a lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún àgbà tí ó mutí pé kí ó sinmi.

Bí ìsinmi bá dé, púpọ̀ nínú wa ni yóò wọ ọkọ̀ ní Kwangila lọ sí ilé. Kí a wo ojú awakọ̀ kí a tó sanwó. Bí a bá gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì ń fi obì hàn wá, kí a sọ̀ kalẹ̀ kí a dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ilé kò ní í sá lọ.